Bí Ẹni tí Bọ́ọ̀lù, Ayò, Ìránṣọ tàbí Fíìmù Gbà Lọ́kàn Ṣe Lè Di Òǹkàwé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń sọ pé àwọn kò ní àkókò láti kàwé, ṣùgbọ́n bí a bá wo bí ọjọ́ Sátidé wọn ṣe ń lọ, a óò rí i pé wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó ti bọ́ọ̀lù, tàbí pé ìdí ọpọ́n ayò ni ilẹ̀ ti ṣú bá wọn. Èmi kò ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn nǹkan kan débi pé ó lè jókòó tì í fún wákàtí mẹ́ta ti ní ohun tí ìwé kíkà ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn jù lọ, èyí tí í ṣe sùúrù àti ìháragàgà láti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e. Iṣẹ́ tí ó kù kò ju kí a mú ìwé wá sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ó fẹ́ràn náà, kí a má sì gbé e kalẹ̀ bí orogún rẹ̀. Irú ẹni tí mo ní lọ́kàn ni ẹni tí ó mọ̀wé é kà dáadáa, tí ó ka lítíréṣọ̀ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n tí kò tún fọwọ́ kan ìwé ìtàn mọ́ láti ìgbà tí ó ti ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ìgbafẹ́ yín ṣe ń lọ, kí ẹ sì wá ibi tí ó ti máa ń dákẹ́ díẹ̀. Ìṣẹ́jú 45 lọ́nà méjì ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 15 láàárín. Ìpolówó ọjà àti àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó yẹ kí kóòṣì yọ ni ó sábà máa ń gba ìsinmi yìí. Ẹni tí kò yára kàwé pàápàá yóò ka nǹkan bí ojú ìwé márùn-ún láàárín rẹ̀. Bí ẹ bá ń wo ìfigagbága mẹ́ta lọ́sẹ̀, ojú ìwé 15 nìyẹn, ìwé ìtàn tí ó ní ojú ìwé 150 yóò sì parí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá láìjẹ́ pé góòlù kan ṣoṣo fò yín ru. Èyí rọrùn fún ẹni tí ó ń wò ó nílé. Ibi tí a ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù kì í ṣe ibi tí ènìyàn lè ṣí ìwé sí, nítorí ariwo ibẹ̀ kì í sinmi nígbà tí eré bá sinmi. Ẹni tí ó bá ń lọ síbẹ̀ ni kí ó tètè dé, kí ó sì fi àkókò tí àwọn ènìyàn ṣì ń dọ́gba ìjókòó kà tirẹ̀. Ó tilẹ̀ yẹ kí a rántí pé àwọn ọkùnrin tí ó máa ń rọ̀gbà yí ẹni tí ó ń ta ìwé ìròyìn ká ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, tí wọ́n ń ka àkọlé ìròyìn bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí, òǹkàwé ni wọ́n jẹ́ ná. Ìwé tí ó gùn ju àkọlé lọ ni wọn kò tíì ní lọ́wọ́.

Ti ìdí ọpọ́n ayò yàtọ̀. Ihò méjìlá ni ó wà lára ọpọ́n, ọmọ ayò 48 ni a ń ta nínú rẹ̀, ẹni méjì péré ni ó sì lè ta á lẹ́ẹ̀kan. Àwọn yòókù ń dúró de ìgbà tí ọ̀pẹ, ẹni tí wọ́n pa láyò, yóò dìde kúrò níwájú ọ̀ta tí ó pa á. Ẹni tí kò mọ ayò lè rò pé àkókò ìdúró yìí gan-an ni ó yẹ fún ìwé kíkà, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ àti yẹ̀yẹ́ tí àwọn òǹwòran ń ṣe jẹ́ apá kan nínú ayò náà, ẹni tí ó bá sì ṣíwèé níbẹ̀ ni wọn yóò fi ṣe ẹlẹ́yà di ọjọ́ kejì. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu fún alayò ni kí ó fi ìwé rẹ̀ sí ibi tí ó ń gbé ọpọ́n sí, kí ó lè kà á kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó pé, kí ó sì pa á dé nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá dé.

Àwọn ìgbafẹ́ kan wà tí àlàfo inú wọn gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ń rẹ àdìrẹ fún ìgbádùn ara rẹ̀ mọ̀ pé a kì í ri aṣọ sínú aró ẹlú lẹ́ẹ̀kan kí a sọ pé ó ti tán. A ó yọ ọ́, a ó sá a kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i, nítorí afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ àwọ̀ ewéko tí ó bá jáde nínú ìkòkò di àwọ̀ aró, lẹ́yìn náà ni a ó tún rì í. Ìgbà tí aṣọ bá wà lórí okùn ni ti ìwé, bí ọwọ́ bá ti mọ́. Kí ẹ má sì fi ọwọ́ aró ṣí ìwé tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó ń fi ìwọ̀ pẹja ń tẹjú mọ́ odò, nítorí náà kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni onílù náà kò ní in. Ẹni tí ó ń ránṣọ ńkọ́? Ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń gbà, etí rẹ̀ nìkan ni ó ṣẹ́ kù. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ etí yìí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ ìgbà tí ẹ óò máa kà, ìwé wo ni ẹ óò kà? Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọn a lọ mú ìwé tí gbogbo ayé ń yìn, wọn a ka ojú ìwé mẹ́wàá, a sì sú wọn. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ìwé àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí ohun tí ẹ ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ fà yín dé ìdí rẹ̀, kí ìwé náà sì fà yín lọ sí èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn aránṣọ àti àwọn olólùfẹ́ fíìmù ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀nà tiwọn ni ó tẹ́jú jù lọ. Kò sí télọ̀ obìnrin kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò tíì rán ìró àti bùbá olèkú, èyí tí ìró rẹ̀ kì í gùn kọjá orúnkún. Aṣọ ìgbà àwọn ìyá wa ni, tí ó tún padà di àrà nígbà tí Túndé Kèlání gbé fíìmù *Ó Le Kú* jáde ní ọdún 1997. Inú ìwé ìtàn àròsọ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní ọdún 1974 ni fíìmù náà ti wá. Àjàní, ọmọ yunifásítì ní Ìbàdàn, ń wá ìyàwó, ọ̀rọ̀ náà sì dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ẹni tí ó ti wo fíìmù náà yóò yára ka ìwé rẹ̀, nítorí pé ó ti mọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lójú. Ohun tí yóò gbádùn níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ inú Àjàní, èyí tí kámẹ́rà kò lè yà tán. Èdè ìwé náà sì jẹ́ èdè tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ láàárín ara wọn, kò ní kókó. Bí mo bá fẹ́ kí ẹni tí kò kàwé mọ́ tún bẹ̀rẹ̀, ìwé yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń fà lé e lọ́wọ́.

Láti ibẹ̀, ẹ lè tẹ̀ lé Ìṣọ̀lá kan náà dé orí eré onítàn tí ó kọ nípa Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1970, tí Bánkọ́lé Bello sì sọ di fíìmù lẹ́yìn náà. Obìnrin yìí gbé ayé rí lóòótọ́, ọdún 1874 ni ó kú, nígbà tí Ààrẹ Látòsà wà lórí ìjọba. Nínú eré Ìṣọ̀lá, ìkà obìnrin tí ó ń pa ẹrú rẹ̀ ni a rí. Bí ẹ bá wá ṣí ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ óò rí i pé ọ̀ràn òṣèlú àti ọ̀ràn ogun ni ó fa ìjà òun àti Látòsà, àti pé bí ó ṣe kú nínú ìwé yẹn kò bá bí ó ṣe kú nínú eré náà mu. Ẹni tí ó bá ti ka méjèèjì kì í wo fíìmù ìtàn bí ó ti ń wò ó tẹ́lẹ̀ mọ́. Yóò máa béèrè ẹni tí ó sọ ìtàn náà àti ìdí tí ó fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Olólùfẹ́ fíìmù ti di òǹkàwé nìyẹn, kò sì fi fíìmù sílẹ̀.

Fún ẹni tí bọ́ọ̀lù mú lọ́kàn, mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ yóò ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Fágúnwà. Èmi kò gbà. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ eré sísá ń fẹ́ ìtàn tí ó ń sáré, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ni ó sì mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ í kọ. *Àjà Ló Lẹrù*, tí ó jáde ní ọdún 1969, dá lórí Lápàdé, ọlọ́pàá àná tí kò lè ṣe kí ó má fi imú fínlẹ̀ nípa ọ̀ràn àwọn ọ̀daràn. Lílé ni, sísá ni, ẹ̀tàn ni, ẹnu Lápàdé sì dùn bí ó bá ń dá àpárá. Bí ó bá dùn mọ́ yín, Lápàdé náà ni ó tún wà nínú *Àgbàlagbà Akàn*, tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1971.

Ti Fágúnwà wà fún ẹni tí ó fẹ́ràn igbó, ìrìn àjò tàbí ìjálá ọdẹ. *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ti wà láti ọdún 1938, Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. Gbólóhùn inú rẹ̀ gùn, ó sì ń yí po, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí a fi lè kà á tí kò fi ní súni. Akàrà-Ògùn, ọdẹ tí ó ni ìtàn náà, kò sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Ó ń sọ díẹ̀, ó ń lọ, ó tún ń padà wá ní ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn tí ó ń wá gbọ́ ọ sì ń pọ̀ sí i. Kí òǹkàwé ṣe bí àwọn olùgbọ́ yẹn ti ṣe. Kí ó ka ti ọjọ́ kan, kí ó pa ìwé náà dé, kí ó má sì jẹ́ kí ojúkòkòrò mú òun ka jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tí ó jẹ́ pé ìtàn orí fóònù ni ìgbafẹ́ tiwọn, tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ ilé olórogún ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí lójoojúmọ́, ni inú mi dùn jù sí, nítorí pé bí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Láàárín ọdún 1929 sí 1930 ni I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, *Akéde Èkó*, bí ẹni pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, ni ó ń jẹ́wọ́ ìgbésí ayé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin Èkó. Àwọn òǹkàwé kan gbà á gbọ́ pátápátá. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kò gùn, ìdí nìyí tí ó fi bá ẹni tí kò ní ju ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ lọ mu.

Bí a bá wá rí ìwé, báwo ni kí a ṣe kà á? Ẹ kà á sókè ní ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́, bí kò tilẹ̀ sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Ojú tí ó ti mọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lára máa ń fẹ́ sáré kọjá àmì ohùn, a sì ka *igbá* sí *ìgbà*, gbólóhùn a sì dàrú. Etí ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan kò bójú mu. Bí ẹ bá bá ẹ̀dà àtijọ́ pàdé, ẹ óò rí *aiye*, *enia* àti *nwọn* nínú rẹ̀, nítorí pé ní ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí. Ojú ìwé mẹ́ta, mẹ́rin ni èyí fi ń da ènìyàn láàmú, lẹ́yìn náà ojú a mọ́ ọn. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn sí ẹ̀yìn ìwé bí wọ́n ṣe ń wọlé, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni ẹ fi ń jìnnà sí ìwé náà láàárín ìgbafẹ́ kan àti òmíràn. Ibi tí ìtàn bá ti ń dùn ni kí ẹ sì dá a dúró sí, ẹ má dúró ní òpin orí, nítorí ẹni tí ó dúró sí àárín ìjà yóò tètè padà wá wo ẹni tí ó ṣubú.

Ìwé tí kò bá wọlé sí yín lára lẹ́yìn ọgbọ̀n ojú ìwé, ẹ gbé e jù sílẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò ṣe ìdánwò lé e lórí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ etí tí mo ṣèlérí. Ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ẹnìkan kì í sábà dá wà. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ a sì dé láti ilé ìwé ní ọ̀sán. Kí ẹnìkan máa kàwé sétí àwọn yòókù fún ìwọ̀n àkókò tí a fi ń tẹ etí aṣọ kan. Ẹni tí yóò kà á gbọ́dọ̀ ti fi ojú kà á tẹ́lẹ̀, kí ó má baà máa kọsẹ̀. Kí ó sì dákẹ́ bí oníbàárà bá wọlé. Ìwé eré onítàn ni ó dára jù fún irú ìkàwé yìí, nítorí pé a lè pín ohùn rẹ̀ láàárín ara wa. Ẹ gbìyànjú *Baṣọ̀run Gáà* tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ: kí ẹnìkan jẹ́ Gáà, alágbára ìlú Ọ̀yọ́ tí ń fi ọba jẹ tí ó sì ń yọ wọ́n, kí òmíràn jẹ́ Abíọ́dún, ọba tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ níkẹyìn. Èdè rẹ̀ wúwo, oríkì àti ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi rò pé àwọn onílù àti àwọn tí ó fẹ́ràn ewì yóò gbádùn rẹ̀ ju àwọn télọ̀ lọ. Bí ọmọ kékeré ni yóò kà á, ẹ fún un ní *Aláwìíyé* ti J. F. Ọdúnjọ, kí ìyá rẹ̀ máa tọ́ ohùn rẹ̀ sọ́nà láti ìdí ẹ̀rọ, yóò sì jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ọmọ, ìgbafẹ́ fún ìyá.

Níbo ni a ti ń rí àwọn ìwé wọ̀nyí? Ẹ má kọ́kọ́ lọ sí àwọn ilé ìtàwé ńláńlá tí ó kún fún ìwé òkèèrè. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ìwé ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ béèrè ìwé lítíréṣọ̀ Yorùbá ti àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, pàápàá nígbà tí sáà ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn tí ń ta ìwé àlòkù lẹ́bàá títì náà máa ń ní i, ṣùgbọ́n ẹ ṣí gbogbo ojú ìwé wò kí ẹ tó sanwó, nítorí ìwé tí ojú ìwé méjì bá ti já nínú rẹ̀ yóò bà yín nínú jẹ́ níbi tí ìtàn ti gbóná jù.

Gbogbo ìgbafẹ́ ni ó ní ìgbà tirẹ̀. Àwọn líìgì ilẹ̀ Yúróòpù tí ọ̀pọ̀ wa ń wò máa ń parí ní oṣù karùn-ún, wọn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ padà títí di oṣù kẹjọ. Àkókò yìí ni ó yẹ kí a fi dojú kọ ìwé tí ó nípọn, mo sì dábàá ti Johnson tí mo ti dárúkọ lókè. Ó parí kíkọ rẹ̀ ní ọdún 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, Johnson fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ni ó sì tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù kí ó tó jáde ní ọdún 1921. Ojú ìwé rẹ̀ lé ní 600. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ gírámà pọ̀ sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn Gáà bí ẹ bá ti ka eré Fálétí, tàbí kí ẹ wá orúkọ ìlú yín nínú atọ́ka rẹ̀. Bí àgbà kan bá ṣì wà nínú ilé, ẹ ka ibi tí ó kan ìlú rẹ̀ sí i létí, kí ẹ sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí ẹ ṣe ń lọ. Bí ó bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún òun, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ béèrè bí òun ṣe gbọ́ ọ, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí etí ojú ìwé náà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́.